Mo Fi Ọmọ Mi Ṣe Kókó Àdúrà

Gbogbo ọmọ Yorùbá tó mọ̀ mí ní Chicago ló mọ̀ mí sí obìnrin àdúrà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì, èmi ni wọ́n máa ń pè. Bí ìmígíréṣọ̀n bá ní kí ènìyàn wá, èmi ni wọn yóò ní kí n bá wọn gbààwẹ̀ sí i. Mo máa ń gbà á, mo sì máa ń gbàdúrà náà dáadáa. Ohùn mi dùn, mo mọ Bíbélì lórí, mo mọ ibi tó yẹ kí ohùn ti gbọ̀n. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń ṣe é, tí n kò sì mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ kan péré pé ẹnìkan ń gbọ́.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi fún yín.

Katikíìsì ìjọ wa ní Ìpetumodù ni bàbá mi. Ọmọ mẹ́fà ni wá, èmi Ọmọ́níkẹ́ ni ìkẹrin. Bí a bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, bàbá mi á gbé Bíbélì àti pàṣán sórí tábìlì kan náà, a ó sì máa dìde níkọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà, láti ka ẹ̀ṣẹ̀ tí a dá lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní òun kò dẹ́ṣẹ̀, òpùrọ́ ni, pàṣán mẹ́fà. Ẹni tó bá ka ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, mẹ́fà náà ni. Kí ni ọmọ ọlọ́gbọ́n á ṣe? A kọ́ bí a ṣe ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó mọ níwọ̀n. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n wá jù nínú wa. "Mo tòògbé nígbà tí ẹ ń ka ẹ̀kọ́ kejì, Bàbá." "Mo fi ojú burúkú wo ìyá ẹlẹ́kọ." Pàṣán méjì, ó parí. A ó wá kúnlẹ̀, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó nà wá, a ó sì bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kó pẹ́ fún wa. Inú bàbá mi á dùn, á ní àwọn ọmọ òun mọ Olúwa.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, bíṣọ́ọ̀bù wá gbọ́wọ́ lé wa lórí. Wọ́n ti sọ fún wa pé Ẹ̀mí yóò bà lé wa. Mo kúnlẹ̀, mo di ojú, mo ń retí. Òrùka bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo mọ̀ lára, ó dùn mí ní àtàrí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí n tilẹ̀ sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n wò ó. Mo ní, "Bàbá, n kò mọ nǹkan kan lára. Bí mo bá ń gbàdúrà, ẹ̀rù nìkan ló máa ń bà mí."

Bàbá mi kò nà mí. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti yé e. N kò mọ̀ pé ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà de ọjọ́ Ìsinmi ni. Lẹ́yìn ìfilọ̀, ó pè mí jáde síwájú gbogbo ìjọ, ó ní Èṣù ti wọ ilé katikíìsì, ó sì ní kí àwọn ìyá ìjọ wá yí mi ká. Wọ́n gbàdúrà lé mi lórí títí gèlè mi fi tú. Mo wo ojú wọn yíká, mo rí ohun tí wọ́n ń fẹ́, mo sì fún wọn. Mo ṣubú lulẹ̀, mo sunkún, mo ní mo rí ìmọ́lẹ̀. Ìjọ pariwo Aleluyà. Bàbá mi ra bàtà tuntun fún mi lọ́sẹ̀ náà, ó ń pè mí ní ọmọ òun tòótọ́.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi pa ẹ̀ka tèmi, ó sì ṣá gbòǹgbò mọ́ ọn.

Ẹni tó bá rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń tán nílé baba ẹni, kó wá wò mí. Ní 1983, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà ní ọsibítù nígbà tí wọ́n fi tẹlifóònù sọ fún mi pé bàbá mi ti kú. Dorothy, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú ará ibí tí a jọ ń ṣiṣẹ́, dì mọ́ mi, ó ń sunkún fún bàbá tí kò rí rí. Mo dúró gbagidi. Mo ní, "We thank God," mo sì lọ fún aláìsàn tó wà ní yàrá kẹrin lóògùn rẹ̀. Dorothy bi mí lẹ́yìn náà bóyá a kì í bínú, bóyá a kì í sunkún níbi tí mo ti wá. Mo rẹ́rìn-ín. Títí di òní yìí n kò lè sọ bóyá mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ni àbí mo kórìíra rẹ̀, mo sì jẹ́ ẹni tí ń bá àwọn tọkọtaya gbàdúrà kí ìfẹ́ má kúrò láàrin wọn.

Múyìwá ọkọ mi, tí ń wakọ̀ láti South Shore níbi tí a ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Naperville lójoojúmọ́, ti sọ fún mi rí pé láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, òun kò tíì gbọ́ kí n sọ pé nǹkan kan dùn mí. Ó ní, "Tá a bá jà, o máa lọ gbàdúrà. Ta ni kí n wá bá jà báyìí, Níkẹ́? God?" Mo lọ gbàdúrà nípa ọ̀rọ̀ náà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń yangàn. Mo ti búra pé bí mo bá bímọ, n kò ní gbé pàṣán sórí tábìlì. Mo sì mú ìbúra náà ṣẹ. Àrìnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, kò mọ bí pàṣán ṣe ń dunni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí a gbé e wá sí Amẹ́ríkà. Á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò, á gbé ẹsẹ̀ lé pátákó iwájú, á máa pè mí ní "o" bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Nàìjíríà tó bá gbọ́ á ní mo ti ba ọmọ jẹ́. Èmi mọ ohun tí mo ń ṣe, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìparí oṣù October 1986, mo lọ mú un ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. A dé òpópó Seventy-First, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, a sì ní láti dúró.

Ó ní, "Mummy, promise pé o ò ní sọ fún anybody. Not even Daddy."

Mo ní, "Mo ṣèlérí."

"You know nígbà tí everybody bá ń pray ní fellowship? Mi ò kì í feel anything. Like, nothing. Ẹ̀rù ló kàn máa ń bà mí. I'm just scared pé God ń wò mí and He's mad at me." Ó ń yí okùn báàgì rẹ̀ mọ́ ìka. "Ṣé something's wrong with me?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ mọ ìdáhùn tó yẹ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: "Èmi náà." Ó gòkè wá dé ọ̀fun mi. Ọkọ̀ ojú irin gùn, àyè wà fún mi, kò sí ẹni kẹta nínú mọ́tò. Mo ní, "Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ gan-an. A máa fi í sínú àdúrà."

Ó wò mí, ó ní, "Okay. But you promised."

"Mo ti ní mo ṣèlérí, Àrìnkẹ́."

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a máa ń ṣe fẹ́lóṣíìpù wa ní Olympia Fields, nínú yàrá abẹ́ ilé Ẹ̀gbọ́n Bádéjọ, olórí wa. Nǹkan bí ìdílé méjìlá ni wá. Àṣà wa ni pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú kókó àdúrà kan wá, kí gbogbo wa jọ gbà á. Àwọn ọmọ náà ń jókòó tì wá. Ẹnìkan á ní káàdì ìgbélùú òun kò tíì jáde, ẹnìkan á ní ìyá òun ń ṣàìsàn nílé. Kókó tèmi wà lẹ́nu mi: kí wọ́n fún Múyìwá ní ìgbéga.

Ó ku ẹnìkan kó kàn mí. Sister Josephine ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Bádéjọ dìde, ó ní ọpẹ́ ni òun mú wá, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ẹ̀mí gbàdúrà. Gbogbo ilé pariwo. Ó wá yíjú sí mi, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Sister Níkẹ́, Àrìnkẹ́ ńkọ́? Ìwọ prayer warrior, your own child la rò pé ó máa kọ́kọ́ gbà á o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo dìde. Mo ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà fún Àrìnkẹ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ Tuesday pé òun ò feel presence of God rárá. Ẹ̀rù ló ń bà á."

Mo ti bi ara mi léèrè títí ó fi sú mi pé kí ló mú mi sọ ọ́. Ìlara Josephine wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí bàbá mi ti kọ́ mi pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá bò mọ́lẹ̀ ló ń wó ilé. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni pé àìsàn ara tèmi ni mo fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún. Ojú tì mí láti sọ pé tèmi ni, mo wá gbé e lé ọmọ mi lórí. Mo sì pè é ní ìfẹ́.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àrìnkẹ́ kò wò mí. Ẹ̀gbọ́n Bádéjọ ní, "The devil is a liar! Kò ní rí ọmọ yìí gbé ṣe!" Wọ́n fi àga sáàárín, wọ́n mú un jókòó, wọ́n sì gbọ́wọ́ lé e. Ó kọ́kọ́ le gbagidi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo rí i tó la ojú kan, ó ń wo ojú àwọn tó yí i ká níkọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń wá lójú wọn bí kò ṣe èmi. Mo fẹ́ pariwo pé kó má ṣe é, kó dìde kó bú wa, kó bú èmi gan-an. Àdúrà ni mo ń gbà, ohùn mi ló sì ròkè jù.

Ọmọ mi bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sókè. "I feel Him! Mummy, I feel Him!"

Ariwo ayọ̀ gba gbogbo yàrá náà. Josephine dì mọ́ mi, omijé ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ irọ́ náà dáadáa, èmi ni mo bí i.

Nígbà tí a ń lọ sílé, Múyìwá fi ọkọ̀ tirẹ̀ ṣíwájú, ẹ̀yìn mọ́tò tèmi ni Àrìnkẹ́ jókòó sí. Mo bi í bóyá ebi ń pa á. Ó ní, "No, ma."

Múyìwá dúró tì mí ní kíṣìnnì. Kò pariwo, kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá ọ sọ ní confidence lo lọ tú síta ní Olympia Fields."

Mo ní, "Mo ṣe é nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, Daddy Àrìnkẹ́."

Ó ní, "Bàbá rẹ náà wí bẹ́ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ ìtàn bíṣọ́ọ̀bù yẹn fún un. Èmi kò sọ ọ́ fún un rí.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ mi di ọmọ rere. Ó ń kúnlẹ̀ kí wa láràárọ̀. Ó ń ka Bíbélì láìjẹ́ pé ẹnìkan rán an. Ó ní òun fẹ́ máa gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú. Josephine ní kó máa darí orin àwọn ọmọdé, àwọn ènìyàn ń pè mí lórí fóònù láti kí mi kú oríire. Bí mo bá bi í pé báwo ni ilé ẹ̀kọ́, á ní, "We thank God, ma." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ni. Mo máa ń wakọ̀ lọ, inú mi á máa bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ láyé ni kí ọmọ yẹn tún bá mi sọ òtítọ́ kan, ì báà jẹ́ pé ó kórìíra mi.

Mo rò ó títí, mo rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí mo bá fẹ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀, èmi ni kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ní November, mo wọ yàrá rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àrìnkẹ́, ohun tó o sọ nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà. Me too. Láti kékeré, I've never felt anything. Ẹ̀rù ló máa ń bà mí. Gbogbo èyí tí mò ń ṣe ní fellowship, mò ń ṣe é lásán ni. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ that day. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún àdúrà tí mo mọ̀ ọ́n sun, ẹkún burúkú ni, imú mi ń ṣàn, n kò rí aṣọ nù ún. Ìyá ọmọ ń bẹ ọmọ. Bí bàbá mi bá rí mi, ì bá ní ayé ti bàjẹ́. Àrìnkẹ́ gbé bírò sílẹ̀. Ó wá na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "It's okay, Mummy. Thank you for telling me."

Ara mi fúyẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo fọ abọ́, mo ń kọrin tí ẹnìkan kò ní kí n kọ. Ó tilẹ̀ ṣe mí bíi pé bóyá Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá, tó kàn ń dúró kí n dákẹ́ irọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rọra ń tọ́jú rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ ní December dé. Òjò dídì wà nílẹ̀, a pẹ́ díẹ̀ kí a tó dé Olympia Fields. Nígbà tó kan ìdílé wa, mo fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n Àrìnkẹ́ ti dìde. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, inú gbogbo wọn dùn sí i.

Ó ní, "Ẹ káàsán sà, ẹ káàsán mà. Mo ní kókó àdúrà kan. It's for my mummy."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò bù ú, kò fi kún un. Ó ní Mummy òun kò tíì mọ Ọlọ́run lára láti kékeré, ó ní Mummy ń ṣe é lásán ni, ó ní ẹ̀rù ń bà á, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó mọ ibi tó yẹ kó ti gbọ̀n.

Mo wá ìbínú lójú rẹ̀. Mo wá ẹ̀san níbẹ̀, mo wá a bí ẹni tí ń wá omi, nítorí bí mo bá rí i, mo mọ̀ pé ọmọ mi ṣì wà nínú rẹ̀. Àánú nìkan ni mo rí, àánú mímọ́ tónítóní irú èyí tí bàbá mi fi mú mi jáde síwájú ìjọ. Bóyá ẹ̀san wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá wà, ó ti mọ̀ ọ́n bò débi pé èmi tí mo kọ́ ọ kò lè rí i.

Josephine fi ọwọ́ lé àyà. "Sister Níkẹ́? Ìwọ?" Ẹ̀gbọ́n Bádéjọ ní kò sí ohun tó ṣòro fún Olúwa, ó sì fa àga wá. Mo jókòó. Ọwọ́ wọn sọ̀ kalẹ̀ lé mi lórí, ó wúwo, ó gbóná. Ọwọ́ kékeré kan wà láàrin wọn, mo mọ̀ ọ́n. Múyìwá dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kò bá wọn dé ibẹ̀.

Mo la ojú. Àrìnkẹ́ kò di ojú tirẹ̀. Ó ń wò mí tààrà, ó sì dà bíi pé ó ń dúró de nǹkan. Ó yé mi nígbà náà pé bí mo bá dìde báyìí, tí mo ní, "Òótọ́ ni, gbogbo ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lórí mi," ọmọ yìí yóò rí àgbàlagbà kan tó sọ òtítọ́ níwájú ènìyàn tí kò sì kú. Kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Èmi náà kò rí i rí. Gbólóhùn kan péré ni.

Mo wo ojú Josephine. Mo wo ojú Ẹ̀gbọ́n Bádéjọ. Mo wo gbogbo wọn yíká, àwọn tó ń pè mí bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìdánwò, àwọn tí mo gbààwẹ̀ fún.

Orúnkún mi kanlẹ̀. Mo na ọwọ́ sókè, mo ké, "Olúwa, mo ti gbọ́ ohùn Rẹ!" Omijé jáde nígbà tí mo fẹ́ kó jáde. Wọ́n pariwo Aleluyà, Josephine ń fò sókè, ẹnìkan ti dá orin sílẹ̀.

Nígbà tí mo dìde, ọwọ́ kékeré yẹn ti kúrò lórí mi. Àrìnkẹ́ ti wà nídìí tábìlì oúnjẹ, ó ń to àwo pépà fún àwọn àgbà. Mo lọ bá a. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí a ti ń kí àlejò, ó ní, "Ẹ kú oríire, ma. Ṣé kí n bu ìrẹsì fún yín?"

Mo ní kó bu díẹ̀.